Ìwo Páànù àti Kíjìpá Ìyá Mi

Ọ̀fà, 3 Nofẹ́ńbà 1913

Ẹ̀rọ náà dé lónìí. Ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán ló gbé e wá láti Èkó, èmi gan-an ni mo sì ké ọkọ̀ náà wọlé láìmọ̀ pé ẹrù tèmi wà nínú rẹ̀. "Ọ̀fà rèé o! Ará Ọ̀fà, ẹ sọ̀kalẹ̀! Ará Ìlọrin, ẹ jókòó jẹ́ẹ́!" Wọ́n ní wọ́n ń gbóhùn mi dé Ìjágbó. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ìjágbó ni.

Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè, oníṣòwò Èkó, ló fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Ó gbọ́ mi ní téṣàn nígbà tó ń kọjá lọ sí Ìlọrin lákòókò òjò, ó ní irú ohùn yìí kò yẹ kó parí sórí èrò ọkọ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ máa polówó ọjà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ọṣẹ, iyọ̀ àti fìtílà. Èèyàn á fi ìda sórí rẹ̀, ìda tó rí bí ife tí kò nídìí. Á yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bí ti aago, á sọ̀rọ̀ sẹ́nu ìwo, abẹ́rẹ́ á sì máa kọ ohùn rẹ̀ sára ìda. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á sọ gbogbo rẹ̀ padà. Ìda mẹ́fà ló bá a wá, pẹ̀lú abẹ tí a fi ń fá wọn bí a bá fẹ́ tún wọn lò.

Gbogbo rẹ̀ ló pé àfi ìwo. Àwọn ọmọṣẹ́ Adétóyè ti gbé àpò iyọ̀ rẹ̀ lé ìwo idẹ náà lórí, ó ti di pẹlẹbẹ. Ìwo lẹnu ẹ̀rọ, òun náà sì letí rẹ̀. Láìsí i, àpótí lásán ni mo gbà.

Àdìkẹ́ ìyàwó mi wò ó, ó tún un wò. "Bàbá Bíọ́lá, ṣé èyí ló máa gbà wá lọ́wọ́ Minna?"

Ọ̀rọ̀ Minna nìyí: ọ̀gá téṣàn ti ní kí wọ́n bá òun ra agogo. Láti oṣù kìíní, agogo ni yóò máa pe èrò ọkọ̀, èmi yóò sì lọ máa ka ẹrù ní Minna. Ìyá mi ní òun ò bá ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní ogun ti lé òun kúrò ní Ọ̀fà lẹ́ẹ̀kan, agogo ò lè lé òun lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló ṣẹ́kù fún un nínú ọmọ. Bí ohùn mi bá tẹ́ Adétóyè lọ́rùn, owó oṣù rèé, ilé mi rèé, mo dúró ti ìyá mi. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo fi í sílẹ̀ nìyẹn. Mi ò tíì fẹ́ rò ó débẹ̀.

6 Nofẹ́ńbà

Mo ti ta Adétóyè lólobó nípa ìwo, èsì dé lórí wáyà: WÁ ÌWO MÍRÀN NÍBẸ̀. MÁ NÁ JU ṢÍLÈ MÁRÙN-ÚN. ÌDA GBỌ́DỌ̀ WỌ ỌKỌ̀ LẸ́YÌN KÉRÉSÌMESÌ.

Ṣílè márùn-ún! Ẹni tó ń ta iyọ̀ láti etí òkun títí dé Ìlọrin!

Awakọ̀ ojú irin sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn, Akínwándé, tí Adétóyè gbé irú ẹ̀rọ yìí fún pẹ̀lú. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò gbaṣẹ́. Ìwo ti Akínwándé kò sì fọ́. Ó dáa náà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Kó máa bọ̀.

8 Nofẹ́ńbà

Akèrègbè. Èrò Àdìkẹ́ ni. Ó rí ọ̀kan tí ọrùn rẹ̀ gùn lọ́jà Ojoku, kọ́bọ̀ méjì péré. Mo gé ìdí rẹ̀, mo fi ìda oyin lẹ ọrùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ dá a padà, ohùn náà tutù, ó rinlẹ̀, ó wuyì. Ṣùgbọ́n èèyàn ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ràímì, ọ̀rẹ́ mi, alágbẹ̀dẹ páànù tí ògiri rẹ̀ bá tiwa pààlà, sáré yọjú.

"Ṣẹ̀yẹ, kànga wo lo já sí? Kí n lọ mú okùn wá?"

Àdìkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rín in nígbà tó yá.

9 Nofẹ́ńbà

Mo sùn nígbà ìwàásù. Ìwo ni mo fi lálàá.

12 Nofẹ́ńbà

Mo ra ìwo màlúù lọ́wọ́ Fúlàní kan lójú ọ̀nà Ìlemọ̀nà, sísì kan. Mo gé ṣóńṣó rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ, mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun fi ń dùn mí. Ohùn tó jáde kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi gbá etí ara rẹ̀, ó rò pé ẹ̀fọn ni. Sísì ti lọ. Ìwo náà sì ń rùn, Àdìkẹ́ ní kò gbọ́dọ̀ sùn nínú ilé.

17 Nofẹ́ńbà

Mo wá gbà pé iṣẹ́ Ràímì ni. Láti ìgbà akèrègbè ló ti ń sọ pé páànù ni, tí mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní ṣílè méjì.

"Ọ̀rẹ́ ńkọ́?" ni mo wí.

"Ọ̀rẹ́ náà ló jẹ́ kó jẹ́ méjì."

Ṣílè kan àtààbọ̀ la parí rẹ̀ sí. Garawa kẹrosíìnì ló gé, ó ká a, ó jó o, ó fẹ ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ó rẹwà, àfi pé kẹrosíìnì ń ta síni nímú bí èèyàn bá sún mọ́ ọn.

18 Nofẹ́ńbà

Ohùn wà! Ó jáde gbàǹgbà, àwọn tó ń lọ lójú pópó dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pe ọṣẹ, á ta ṣáṣá bí omi tó kán sínú epo gbígbóná, bí mo bá sì gbé ohùn sókè, páànù á máa gbọ̀n gìrìgìrì.

Ràímì ní, "Ìwọ lo ń pariwo. Má pariwo mọ́ páànù mi."

Mo ní, "Ariwo yẹn ni Adétóyè fẹ́ rà."

Mo bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ohùn lọ. Mo sún mọ́ ọn, gbígbọ̀n dé. A fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi pe ìrun, ó lọ kírun, ó sì padà wá láti bá mi fà á lọ.

24 Nofẹ́ńbà

Ọyẹ́ dé lójijì. Ètè gbogbo wa ti là. Akèrègbè náà ti là, láti ọrùn dé ìdí. Mo ti ń fi tu ara mi nínú pé bí páànù bá kọ̀, màá padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi tí mo fojú sí ò sí mọ́. Idẹ ò sì sí fún iye tó kù lọ́wọ́ mi.

29 Nofẹ́ńbà

Ayọ̀ ńlá! Òtútù àárọ̀ ló mú kí n di ìwo páànù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo kàn ń wá ibi tí màá fọwọ́ sí. Nígbà tí ẹ̀rọ dá a padà, páànù ò gbọ̀n. Mo tún un ṣe láìdì í mú, ó gbọ̀n. Mo dì í mú, ó dákẹ́. Ohun tó ń wá ni ẹni tó máa dì í mú!

Èmi ò lè máa di páànù mú títí ayé. A gbìyànjú gèlè Àdìkẹ́, ó fẹ́lẹ́ jù. Ó ku aṣọ kan tó nípọn tó nínú ilé yìí, kíjìpá ìyá mi, èyí tó gbé sá lọ sí Ìkirun lọ́jọ́ ogun, tó sì gbé padà wálé.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní kíjìpá yín."

"Kí o fi ṣe kí ni?"

"Kí n fi wé ẹ̀rọ lọ́rùn ni, mà."

"Òtútù ń mú un ni?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó mú un wá, ó ní, "Yíyá ni o. Mi ò fi ta ọ́ lọ́rẹ." Àdìkẹ́ ká a mọ́ ìwo, ó fi abẹ́rẹ́ rán an pinpin láìgé nǹkankan nínú rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ dá a padà.

Ohùn mi ni. Mi ò mọ̀ pé ó dùn tó báyìí! Ràímì ní kí n yé rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara mi.

3 Dìsẹ́ńbà

Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo jí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ nínú agboolé. Mo fi ìda tuntun sí i, mo wúkọ́, mo bẹ̀rẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Mo kí wọn. "Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjà. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú òtútù. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti oko dé, ẹ kú àbọ̀, iṣu á ta. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìrìn, ẹ kú ìrìn o, ẹsẹ̀ á bá yín dé ilé." Mo rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ kú ìfaradà." Mo kí alágbẹ̀dẹ, mo kí ahunṣọ. Bí mo ṣe fẹ́ sọ pé, "Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá rèé," abẹ́rẹ́ ti dé òpin. Ìda kan kì í pẹ́ tó ẹni tó ń jẹ ẹ̀kọ kan.

Mi ò dárúkọ ọṣẹ. Mi ò dárúkọ iyọ̀. Ràímì gbọ́ ọ tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde.

4 Dìsẹ́ńbà

Mo gbé abẹ láti fá ìda náà, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi.

"O kí gbogbo ayé tán, o wá fẹ́ gba kíkí náà padà? O kí èmi náà níbẹ̀. Ṣé èmi náà lo máa fá kúrò?"

"Mà, ìda mẹ́fà péré ló wà."

"Lo márùn-ún."

Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sínú agbọ̀n rẹ̀. Ta ló fẹ́ bá a jà?

6 Dìsẹ́ńbà

Mo ti gbọ́n. Mo fò kíkí dá, mo bọ́ sórí ọjà tààrà: "Ọṣẹ Adétóyè ló ń mú aṣọ funfun. Iyọ̀ Adétóyè kò nílẹ̀pa. Fìtílà Adétóyè kì í yọ èéfín." Gbogbo rẹ̀ wọlé, àyè tún ṣẹ́kù! Inú mi dùn, mo pe agboolé jọ láti gbọ́ ọ.

Nígbà tó tán, mo dúró de ìyìn. Bàbá Sàláwù, àgbà agboolé Ràímì, ló kọ́kọ́ dìde.

"Ọmọ ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ kọ́. Ìwọ máa ń kíni. Èyí kàn wọlé tọ àgbà, ó ní ká ra ọṣẹ. Ṣé ìdọ̀tí wà lára wa ni?"

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ. Mo wo ojú Àdìkẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Ó dùn mí. Mo rò pé mo ti borí.

11 Dìsẹ́ńbà

Mo fá èyí tí kò kíni. Mo ṣe òmíràn tó ní kíkí méjì péré kí ọṣẹ tó wọlé. Asiata, ìyàwó Ràímì, ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ní, "Ẹ kú ọjà o." Asiata fèsì: "Ọjà á tà o, Bàbá Bíọ́lá! Ìyá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Kó tó dé orí ọmọ, ẹ̀rọ ti wà lórí iyọ̀.

"Ó já lu ọ̀rọ̀ mi," ni Asiata wí, ó sì fọwọ́ lé ìbàdí. "Èwo ni ká máa kíni ká má dúró gbèsì?"

Òótọ́ ló sọ. Torí náà mo ní láti kíni, kí n dákẹ́ kí wọ́n fèsì, kí n tó wá sọ ọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń jẹ ìda. Ọjà kan ṣoṣo ló máa gba orí ìda kan. Mo ti ń sanwó ìdákẹ́jẹ́ báyìí.

15 Dìsẹ́ńbà

Ọ̀fun mi ha. Ọyẹ́ ni. Oyin àti omi gbígbóná. Mi ò sọ̀rọ̀ látàárọ̀, Àdìkẹ́ ní ilé tù ú lára.

20 Dìsẹ́ńbà

Ó tán! Ọṣẹ lórí ìda kan, iyọ̀ lórí kan, fìtílà lórí kan, àwọn méjì yòókù sì jẹ́ àtúnṣe ọṣẹ àti iyọ̀. Ohùn mọ́, páànù ò gbọ̀n. Bàbá Sàláwù gbọ́ ti fìtílà, ó fèsì kíkí, ó dúró dòpin, ó ní, "Èyí ni wọ́n tọ́ dáadáa." Kí Akínwándé lọ jókòó.

Ìyá mi bi mí pé nígbà wo ni aṣọ òun ń bọ̀.

25 Dìsẹ́ńbà

Kérésìmesì. Àkùkọ kan kú nítorí wa. Ràímì àti Asiata wá bá wa jẹun, Ràímì jẹ itan méjèèjì, ó ní owó ìwo tó kù nìyẹn.

27 Dìsẹ́ńbà

Àpótí ìda ní ojú ihò mẹ́fà, ìda mi jẹ́ márùn-ún. Bí mo ṣe gbé e sókè ni wọ́n ń gbá ara wọn nínú ihò tó ṣófo. Mo wá òwú, kò sí nítòsí, ọkọ̀ sì ti ń fọn fèrè lọ́nà. Ìyá mi wọlé lọ, ó gbé ìda inú agbọ̀n jáde.

"Fi tèmi dí i."

"Ẹ ò ní kí n fá a, ẹ wá ní kí n fi ránṣẹ́?"

"Fífá kọ́ nìyẹn. Àwọn tí o kí ló ń lọ bá."

Mo fi í dí ihò náà. Kí Adétóyè má baà rò pé orí mi dàrú, mo lẹ bébà kékeré mọ́ ọn: ÀṢÌṢE NI ÈYÍ. Ọkọ̀ gbé e lọ. Mo dúró títí èéfín rẹ̀ fi pòórá.

1 Jánúárì 1914

Wọ́n so agogo kọ́ lónìí. Bí ọkọ̀ dé, gbàn! Bí ọkọ̀ ń lọ, gbàn! Ohùn kan náà fún ará Ọ̀fà àti ará Ìlọrin. Obìnrin kan tó ń lọ sí Ìlọrin gbọ́ gbàn, ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n adìẹ rẹ̀, ọkọ̀ sì lọ. Èmi ló bú. Mo mú un lọ sílé, ó sùn lọ́dọ̀ wa, òun àti adìẹ rẹ̀.

Ọ̀gá téṣàn ní kí n di ẹrù mi sílẹ̀ fún Minna, ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù yìí ni.

8 Jánúárì

Kò sí wáyà. Àdìkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ìyá mi ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ àfi èmi. Lálẹ́ mo gbé oúnjẹ lọ bá a, ó ní òun ti yó, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò tíì jẹ nǹkan. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́.

13 Jánúárì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ọkọ̀ ọ̀sán dé, agogo ní gbàn, Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè fúnra rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù nu eruku ọyẹ́ lójú. Ó wo agogo. "Aláìmọ̀wàáhù wo nìyẹn?" Mo dọ̀bálẹ̀, ó fà mí dìde.

"Olúṣẹ̀yẹ, ta ló sọ fún ọ pé àṣìṣe ni?"

Ó ní akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù òun l'Ékòó ò tiẹ̀ ka bébà, ìda tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ló gbé sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní ẹ kú ọjà, àwọn tó ń kọjá fèsì. Ó ní ẹ kú ìnáwó, wọ́n dúró. Nígbà tó fi dé orí àwọn ìyá ọlọ́mọ, ẹnu ọ̀nà ti kún, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì ní kí wọ́n tún un sọ. Ẹni tí wọ́n kí lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kò lè kàn kọjá lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n wọlé, ojú sì tì wọ́n láti jáde lọ́wọ́ òfo.

"Mo gbọ́ ti fìtílà, ó dára," ni ó wí. "Akínwándé pe gbogbo ọjà mi tán lórí ìda kan, ẹnikẹ́ni ò dúró gbọ́ ọ dé ìdajì. Akọ̀wé mi lè sọ ti ọṣẹ. Ìwọ máa kí wọn. Mo fẹ́ ti òjò, mo fẹ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn, mo fẹ́ ti àárọ̀, ti ààwẹ̀, ti ọmọ tuntun, ti ilé tuntun. Ìgbà wo lo rò pé wọ́n máa tán?"

Mo ní, "Wọn ò lè tán, sà."

"Ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Jókòó sí Ọ̀fà kí o máa ṣe é." Ó wo ìwo páànù lọ́rùn ẹ̀rọ, ó fọwọ́ kan kíjìpá náà, ó ní òun máa fi ìwo idẹ tuntun ránṣẹ́. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ bóyá màá lò ó.

Ó dá ìda ìyá mi padà fún mi, ó ní wọ́n ti fi ẹ̀rọ kejì da ohùn inú rẹ̀ sórí ìda mìíràn l'Ékòó.

Mo sáré relé. Mi ò sọ nǹkankan fún ìyá mi. Mo gbé ìda sórí ẹ̀rọ, mo yí kọ́kọ́rọ́. "Ẹ kú ilé o," ni ohùn mi wí. Láti inú yàrá ó fèsì, "Káàbọ̀, ọmọ mi." Ohùn náà ń lọ, ó ń kí ọlọ́jà, ó ń kí onírìn àjò, títí ó fi ní, "Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ kú ìfaradà." Ìyá mi jáde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ṣebí o ti fi ránṣẹ́."

"Wọ́n dá a padà, mà. Mi ò lọ Minna mọ́. Kíkí yìí ló gbaṣẹ́."

Ó jókòó. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. "Mo fi pamọ́ sínú agbọ̀n nítorí pé bí o bá lọ, ohùn rẹ á ṣẹ́kù sọ́dọ̀ mi."

"Ìyá mi, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n màá mọ̀ pé o wà níbẹ̀."

Ẹ̀rọ ṣì ń kí alágbẹ̀dẹ.

"Pa á," ni ìyá mi wí. "Wá kí mi fúnra rẹ."

Mo pa á. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀, mo kí i, ó sì pẹ́ kó tó ní kí n dìde.

"Ó tó. Dìde. Aṣọ mi ńkọ́?"